Ẹ̀gbọ́n mi ń sọ kántankàntan, ikùn ẹ̀ ti wú, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ káalẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Nyanya l'Ábújá ni mò ń gbé, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin àti ìyàwó ẹ̀ wà lọ́dọ̀ mi. Láti bí oṣù mẹ́ta ni ikùn ẹ̀gbọ́n mi ti ń wú, ó ti tó ti aboyún báyìí, ẹsẹ̀ náà wú, tẹ́ ẹ bá fìka tẹ̀ ẹ́ á jin wọlé, ẹyinjú ẹ̀ bí ẹni fi àtalẹ̀ pupa kùn ún, ìtọ̀ ẹ̀ bíi kóòkì. A rò pé ibà pọ́njú pọ́ntọ̀ lásán ni, a ń fún un lágbo. Àmọ́ láti ìjẹta, ọ̀sán ló ń sùn, tó bá dòru á máa rìn káàkiri pálọ̀, lánàá ó fi orúkọ màmá wa tó ti kú pè mí. Àwọn ẹbí nílé l'Ógbòmọ̀ṣọ́ ní ayé ló ń ṣe é, ká gbé e wálé fún àdúrà, mọ́tò àárọ̀ ọ̀la ni wọ́n ní ká wọ̀. Ọkàn mi ò balẹ̀ rárá.

Nọ́ọ̀sì Kubwa: Àbúrò mi, ẹ má wọ mọ́tò yẹn o, mo bẹ̀ yín. Ẹ̀dọ̀ ló ń fọ ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀, tí kò bá lè fọ̀ ọ́ mọ́, ìdọ̀tí yẹn á dé ọpọlọ, òun ló ń mú un sọ kántankàntan. Ẹ ní kó na ọwọ́ síwájú, kó ká ọrùn ọwọ́ sókè bí ẹni ń dá mọ́tò dúró, ṣé ó ń jù fìrìfìrì bí apá ẹyẹ? Ṣé ó ti bi ẹ̀jẹ̀, àbí ìgbẹ́ ẹ̀ dúdú bí ọ̀dà? Kó jù kó má jù, alẹ́ yìí ni kẹ́ ẹ gbé e lọ emájẹ́ńsì, National Hospital sún mọ́ yín ju ọsibítù Gwagwalada lọ. Àgbo ti tó. Ẹ má fún un ní oògùn oorun, ẹ má fún un ní ibuprofen, oògùn ara ríro yẹn.

Ẹ ṣé àǹtí nọ́ọ̀sì. Ọwọ́ ń jù lóòótọ́! Kò bi ẹ̀jẹ̀, àmọ́ ó ti tó ọjọ́ mẹ́rin tí ò tíì yàgbẹ́.

Nọ́ọ̀sì Kubwa: Háà, ìyẹn gan-an ń dá kún un, inú ìfun ni púpọ̀ nínú ìdọ̀tí yẹn ti ń wá. Ẹ sọ fún dọ́kítà. Wọ́n máa ń fún wọn ní oògùn tó ń jẹ́ lactulose kí wọ́n lè yàgbẹ́ bí ẹ̀ẹ̀mejì ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, wọ́n á tún fa omi ikùn ẹ̀ wò bóyá kòkòrò ti wọ̀ ọ́.

Ìyá Bọ́lá, Kaduna: Bí ti bàbá wa ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyí. Ilé àdúrà la kọ́kọ́ gbé wọn lọ, ọjọ́ mẹ́sàn-án, wọ́n tún ní kí wọ́n gbààwẹ̀, ìgbà tá a fi dé ọsibítù wọn ò dá ẹnikẹ́ni mọ̀ mọ́. Ó ń dùn mí dòní. Hepatitis B, kòkòrò tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ni wọ́n bá lára wọn, wọn ò sì mutí rí. Kí gbogbo yín ṣe tẹ́ẹ̀sì o, ìyàwó, ọmọ, ìwọ náà. Ẹni tí ò bá ní in, abẹ́rẹ́ àjẹsára ẹ̀ẹ̀mẹta ni láàárín oṣù mẹ́fà. Ẹ má yọ abọ́ ẹ̀ sọ́tọ̀, jíjẹun pọ̀ ò kó o ranni, ẹ̀jẹ̀, bíléèdì àti ìbálòpọ̀ ni.

Mo ti sọ fún wọn nílé pé a ò wá mọ́, wọ́n ń bínú. Ìyàwó ẹ̀ ti kó aṣọ, mai gadi wa ló ń bá mi gbé e sí tákísì báyìí.