Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ìnira ọyàn ńlá ti sú mi

Ìbéèrè, láti ọ̀dọ̀ ẹlẹ́ja kan ní Ẹ̀pẹ́:

Ẹ̀yin ìyá mi àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, mo kí yín o. Ọmọ ọdún 23 ni mí, mo sì ń bá ẹ̀gbọ́n ìyá mi ta ẹja ní ọjà Olúwo. Láti ìgbà tí mo ti wà ní ilé ẹ̀kọ́ gírámà ni ọyàn mi ti tóbi ju ti gbogbo ẹgbẹ́ mi lọ, bẹ́ẹ̀ ni mi ò sanra. Orí àpótí kékeré ni mo máa ń jókòó sí láti họ ìpẹ́ ẹja fún àwọn oníbàárà, tí n ó sì tẹ̀ sórí abọ́ láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Nígbà tí n bá fi máa dìde, ọrùn àti àárín èjìká mi á ti le gan-an, mi ò sì ní lè yí ojú padà wo ẹni tó pè mí. Okùn kọ́mú ti gbẹ́ kòtò sí èjìká mi débi pé bí mo bá fi ìka kàn án, ìka wọ inú rẹ̀. Abẹ́ ọyàn ń bó nítorí òógùn, ó ń yún mi, a sì máa ta mí gidigidi bí omi ẹja bá kàn án. Mo máa ń fi ọ̀já dì í mọ́ àyà kí àwọn ọkùnrin ọjà má baà máa sọ̀rọ̀ sí mi, ṣùgbọ́n mi ò kì í lè mí dáadáa. Ẹnìkan ti ní kí n ra ìpara kan tó ń mú ọyàn kéré. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn, láti ọ̀dọ̀ aránṣọ kan ní Ìkòròdú:

Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́. Kí o tó ná kọ́bọ̀, wá téèpù aránṣọ. Kì í ṣe okùn èjìká ló yẹ kó gbé ọyàn, ìgbànú kọ́mú tó yí ara ká ní ìsàlẹ̀ ni. Bí ìgbànú yẹn bá fẹ̀ jù, yóò máa gòkè lẹ́yìn, gbogbo ẹrù á sì bọ́ sórí okùn, ohun tó gbẹ́ kòtò sí ọ léjìká nìyẹn. Àṣìṣe tí mo ń rí lójoojúmọ́ ni pé ẹni tí ọyàn rẹ̀ tóbi a lọ ra nọ́ńbà ńlá, ìyẹn ìgbànú tó gùn jù, kí kọ́ọ̀pù lè gbà á, nígbà tó jẹ́ pé kọ́ọ̀pù nìkan ló yẹ kó tóbi. Wọn abẹ́ ọyàn lórí egungun ìhà, kí téèpù lẹ̀ mọ́ ara. Lẹ́yìn náà wọn ibi tó yọ jù, má fà á. Íǹṣì kan tí ìkejì fi ju ìkíní lọ ni kọ́ọ̀pù A, méjì ni B, mẹ́ta ni C, mẹ́rin ni D. Láti D lọ sókè, ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní bó ṣe ń pè é, nítorí náà wọ̀ ọ́ wò kí o tó sanwó. Bí o bá ń wọ̀ ọ́, tẹ̀ síwájú díẹ̀, fi ọwọ́ kó gbogbo ẹran ọyàn láti abẹ́ apá wá sínú kọ́ọ̀pù, kí o sì fi ìkọ́ tó wà lódeòde jùlọ há a. Bó bá rọ̀ lọ́jọ́ iwájú, o ó lè sún un wọlé. Mú èyí tí okùn rẹ̀ fẹ̀. Bí òkìríkà lo bá sì fẹ́ rà, fa ìgbànú rẹ̀ wò. Èyí tí kò bá fà padà, fi í sílẹ̀, bó ti wù kó rẹwà tó.

Ìdáhùn, láti ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì:

Ọmọ mi, má ra ìpara yẹn. Kò sí ìpara tó lè mú ọyàn kéré. Tú ọ̀já náà kúrò pẹ̀lú, torí pé ó ń sé òógùn mọ́ ara. Ohun tó ń yún ọ yẹn sábà máa ń jẹ́ ẹbí làpálàpá, ibi tó móoru tó sì ní ọ̀rinrin ló fẹ́ràn. Bí o bá ti dé láti ọjà, fi omi tó mọ́ wẹ̀ ẹ́, fi aṣọ òwú rọra tẹ̀ ẹ́ gbẹ, má fi nù ún kíkankíkan, kí o sì máa pààrọ̀ kọ́mú lójoojúmọ́. Bi apòògùn léèrè ìpara clotrimazole lásán, èyí tó ń pa irú làpálàpá bẹ́ẹ̀, má gba èyí tí wọ́n po steroid mọ́, nítorí pé ìyẹn lè sọ awọ abẹ́ ọyàn di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bó bá ń lọ tó ń padà wá, jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ọ́ wò fún àtọ̀gbẹ. Títóbi ọyàn fúnra rẹ̀ kì í sábà jẹ́ àìsàn, a máa ń jogún rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá fọwọ́ kan kókó, tí ẹ̀gbẹ́ kan bá ṣàdédé ń dàgbà ju èkejì lọ, tí nǹkan bá ń ṣàn jáde láti orí ọyàn, tàbí tí ìka ọwọ́ rẹ bá ń kú, má dúró gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ wa, ilé ìwòsàn ni kí o gbà lọ.

Ìdáhùn, láti ọ̀dọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ kan:

Iṣẹ́ abẹ tó ń dín ọyàn kù wà. Ilé ìwòsàn egungun ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìgbóbì ní ẹ̀ka tó ń ṣe àtúnṣe ara, mo sì ti bá dókítà sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ rí. Ó máa ń tu èjìká àti ẹ̀yìn lára lóòótọ́, ṣùgbọ́n àpá rẹ̀ kì í parẹ́ tán, orí ọyàn lè má mọ nǹkan lára mọ́, ẹlòmíràn kì í sì í lè fún ọmọ lọ́mú tó bó ṣe fẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí ọmọ ni mo ṣe ní kí n ṣì ní sùúrù. Ìpinnu tèmi nìyẹn. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dójú tì ọ́ bí tìrẹ bá yàtọ̀.

Ẹlẹ́ja náà tún kọ̀wé:

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Mo wọn ara mi lálẹ́ àná: abẹ́ ọyàn jẹ́ íǹṣì 34, ibi tó yọ jù jẹ́ 42, bẹ́ẹ̀ ni 40 ni mo ti ń wọ̀ láti ọdún yìí wá. Mo jókòó sórí ibùsùn, mo ń wo téèpù náà, omi sì bọ́ lójú mi. Mo fi bí mo ṣe ń tẹ̀ ṣiṣẹ́ han ẹ̀gbọ́n ìyá mi, wọ́n sì ti ní kí káfíńtà kan tábìlì tó dé ìbàdí mi, kí n lè máa dúró họ ẹja. Ẹ̀gbọ́n mi aránṣọ, bí mo bá wá sí Ìkòròdú lọ́jọ́ Sátidé, ṣé ẹ lè bá mi wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó lọ rà á?