Ẹ̀rọ aláriwo fún àṣàrò: kí ló ń mú un dákẹ́, ṣé ó sì lè bo jẹnẹrétọ̀ mọ́lẹ̀?

Àlàmú_Ìgbògbò

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tí wọ́n ń tà fún àṣàrò ni mo fẹ́ bi yín, àwọn tó máa ń ró "ṣááá" bíi rédíò tí kò gbé ilé iṣẹ́ kankan. Owó tí wọ́n ń pè é pọ̀ ju ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ, torí náà mo ń to tèmi. Transistor 2N3904 kan ló ń pa ariwo, 2N3904 kejì ń gbé e sókè, LM386, chip amplifier kékeré, ló ń gbé e fún sípíkà onínṣì méjì, 8 ohm. Bátìrì 9 fóltì ló wà níbẹ̀. Tí bátìrì bá jẹ́ tuntun, ó ń ró dáadáa. Tó bá ti lò díẹ̀, ariwo á lọ pátápátá, bẹ́ẹ̀ LM386 ò kú, torí tí ìka bá kan pin 3, ẹsẹ̀ tí ohùn ń gbà wọ inú rẹ̀, ó ṣì ń hó.

Ìkejì: gbogbo ẹni tó ń gbé Ìkòròdú mọ̀ bó ṣe ń rí tí wọ́n bá mú iná lọ. Ìró ẹ̀rọ yìí kì í bo jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò mọ́lẹ̀ àfi tí mo bá yí i sókè débi tó ń gún etí.

Ìkẹta: wọ́n ń ta irú kan tí wọ́n kọ 7.83 Hz (Hz ni iye ìgbà tí nǹkan ń mì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan) sí lára, wọ́n ní ó ń mú ọpọlọ wọ àṣàrò fúnra rẹ̀. Ṣé nǹkan kan wà níbẹ̀?

Wáyà_Sábó

Ọ̀gá Àlàmú, bátìrì ni. Transistor tó ń pa ariwo yẹn, ẹ̀yìn la ń gbà wọlé sí i. Nínú ẹsẹ̀ mẹ́ta rẹ̀: emitter sí ọ̀dọ̀ pósítíìfù, base sí nẹ́gétíìfù, kí ẹ gé collector kúrò kó má kan nǹkan kan. Ọ̀nà tí kò yẹ kí iná gbà la ń fipá mú un gbà, bó sì ṣe ń já kọjá ní ségesège ni ariwo fi ń wá. Ìwé 2N3904 ní kí a má fi ju 6 fóltì síbẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kì í já títí á fi tó nǹkan bíi 7 sí 9 fóltì. Bátìrì tó ti wálẹ̀ sí 7.5 kò lágbára yẹn mọ́. LM386 ní tirẹ̀ ń ṣiṣẹ́ láti 4 fóltì, ìdí nìyẹn tí òun ò fi tíì kú.

Ẹ lo bátìrì 12 fóltì kékeré, irú ti sólà. Láti pósítíìfù, ẹ gba resistor 1k kọjá, kí ẹ fi capacitor 100 µF, 25 fóltì, so ibẹ̀ mọ́ nẹ́gétíìfù. Láti orí capacitor yẹn, 100k lọ sí emitter. Láti emitter, 0.1 µF lọ sí base transistor kejì. Collector ti ìkejì gba 4.7k láti orí capacitor kan náà, 1M wà láàárín collector àti base rẹ̀, emitter rẹ̀ lọ sí nẹ́gétíìfù. Láti collector, 1 µF lọ sí volume 10k, àárín volume lọ sí pin 3. Pin 2 àti 4 sí nẹ́gétíìfù, pin 6 sí iná, pin 5 gba 220 µF lọ sí sípíkà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń jó LM386 nìyí: sólà tó ń gba bátìrì 12 lè gbé e dé 14.4 fóltì. LM386N-1 kò yẹ kó kọjá 12, 15 ló sì máa pa á. Ẹ fi 7809, tó ń dín fóltì kù sí 9, síwájú LM386 nìkan. Ẹ má fi síwájú transistor aláriwo, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, 9 fóltì náà lẹ tún padà sí.

Tó bá ń ṣe pú-pú-pú dípò ṣááá, 1k àti 100 µF yẹn ni kò sí níbẹ̀, tàbí capacitor ti gbẹ. Àwọn transistor ò sì dọ́gba: ẹ ra bíi mẹ́wàá, 2N3904 tàbí BC547, kí ẹ máa ki wọ́n sínú ihò sókẹ́ẹ̀tì lọ́kọ̀ọ̀kan títí ẹ ó fi rí èyí tó lóhùn jù. Èyí tẹ́ ẹ bá ti lò báyìí, ẹ má tún fi ṣe amplifier mọ́, agbára rẹ̀ ti dín.

Bọ́ọ̀sì_Èbúté

Ti jẹnẹrétọ̀ ni mo fẹ́ dáhùn. Ìró tóóró lẹ fẹ́ fi bo ìró tó nípọn. Ariwo funfun (white noise, "ṣááá" yẹn) tí transistor ń mú wá, òkè ló pọ̀ sí ní etí wa. Jẹnẹrétọ̀ ní tirẹ̀, ìsàlẹ̀ ló wà: ẹ́ńjìnnì four-stroke oníhò kan tó ń yí 3000 ìgbà ní ìṣẹ́jú máa ń yìn ní ìgbà 25 ní ìṣẹ́jú-àáyá, kékeré two-stroke tí wọ́n ń pè ní "I better pass my neighbour" ń yìn ní 50. Àwọn ìlọ́po wọn, 75, 100, 150, ló ń kan ògiri wá. Sípíkà onínṣì méjì kò lè sọ̀rọ̀ dáadáa níbẹ̀ rárá, bó ti wù kẹ́ ẹ yí i tó.

Ẹ fi resistor 10k sí ojú ọ̀nà ṣáájú volume, kí ẹ fi 0.1 µF so ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ nẹ́gétíìfù. Ohun tó bá ti ju 159 Hz lọ á máa rọlẹ̀ ní 6 dB (dB ni òṣùwọ̀n bí ìró ṣe pọ̀ tó) fún ìlọ́po méjì kọ̀ọ̀kan. Ohùn yẹn ni wọ́n ń pè ní brown noise. Ẹ pààrọ̀ volume 10k sí 100k, torí 10k yóò fa ìdajì ohùn sọnù, yóò sì ba ìṣirò yẹn jẹ́. Ohùn á ṣì kéré, nítorí náà ẹ fi 10 µF sí àárín pin 1 àti pin 8, pósítíìfù rẹ̀ sí pin 1, LM386 á kúrò ní ìlọ́po 20 sí 200. Lẹ́yìn náà, sípíkà ọkọ̀ onínṣì mẹ́fà nínú àpótí páákó tí kò ní ihò. Àpótí yẹn ṣe pàtàkì ju owó sípíkà lọ.

Ṣùgbọ́n ká má tan ara wa jẹ: fèrèsé louvre tí kò pa dé máa ń gba jẹnẹrétọ̀ wọlé ju ohun tí ẹ̀rọ yìí lè bò. Ẹ dí ibẹ̀ ná.

Ní ti gígún etí, 80 dB fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀ ni WHO, àjọ ìlera àgbáyé, fi ààlà sí fún àgbàlagbà. Tí ọmọdé bá wà nínú yàrá, ẹ gbé e jìnnà tó mítà méjì. Ìwádìí kan tó jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn ọmọdé, Pediatrics, ní 2014 wo ẹ̀rọ aláriwo 14 tí wọ́n ń tà fún ọmọ ọwọ́, mẹ́ta nínú wọn sì kọjá 85 dB ní 30 sẹ̀ǹtímítà.

Ìyá_Ìjẹ̀dẹ̀

Àlàmú, 7.83 Hz kì í ṣe ìró. 20 Hz ni etí ènìyàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Nọ́ńbà yẹn wá láti ọ̀dọ̀ Winfried Schumann ará Jámánì, ẹni tó ṣírò ní 1952 bí ìgbì iná mànàmáná ṣe ń yí po láàárín ilẹ̀ àti òfuurufú. Ẹ tú àpótí náà, ẹ ò ní rí sípíkà. Bọ́ọ̀dù kan ni, wáyà tí wọ́n tẹ̀ yípo sí ojú rẹ̀, iná búlúù kan, ẹnu USB 5 fóltì. Kò lè bo ariwo kankan mọ́lẹ̀, ìlérí ọpọlọ yẹn sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ọjà.

Irú kejì ni binaural: 200 Hz sí etí òsì, 207.83 sí ọ̀tún, ọpọlọ á gbọ́ ìyàtọ̀ wọn bí ìró tó ń mì. Èyí wà lóòótọ́. Gerald Oster kọ nípa rẹ̀ nínú Scientific American ní 1973: ó ń dáa jù ní agbègbè 440 Hz, tó bá ti ju 1000 lọ ó máa pòórá. Earpiece olójú méjì ni dandan. Tẹ́ ẹ bá gbé e sí sípíkà Bluetooth kan ṣoṣo, inú afẹ́fẹ́ ni wọ́n ti máa pàdé, kì í ṣe inú orí. Pé ó ń múni wọ àṣàrò, èsì àwọn ìwádìí kò bára mu.

Àlàmú_Ìgbògbò

Ẹ ṣé gan-an ni. Tí èèyàn ò bá fẹ́ fi lẹ́ẹ̀dì jó gbogbo èyí, ṣé MP3 ò ṣe é lò?

Wáyà_Sábó

Ó ṣe é lò. Bẹ́ẹ̀ náà ni Buddha Machine, àpótí kékeré tó ń kọ orin, tí ẹgbẹ́ olórin FM3 ṣe ní Beijing ní 2005 ṣe rí: ìró kúkúrú mẹ́sàn-án tó ń yípo, bátìrì AA méjì, kò sí idán.

Ẹ ra DFPlayer Mini, bọ́ọ̀dù kékeré tó ń kọ MP3, àti kádì microSD tí kò ju 32 GB lọ, FAT32. Nínú Audacity, ètò kọ̀ǹpútà fún ìró, ẹ lọ sí Generate, Noise, kí ẹ mú Brownian (brown noise yẹn náà ni). Ẹ má ṣe é ní ìṣẹ́jú kan. MP3 máa ń fi àlàfo díẹ̀ sí orí àti ìdí fáìlì, etí ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ yóò sì máa gbọ́ "tík" ní gbogbo ìgbà tó bá yípo. Ẹ ṣe é ní wákàtí kan, 128 kbps, kò ní ju 58 MB lọ, kí ẹ fi fade sí orí àti ìdí, kí ohùn máa rọra wọlé kó sì máa rọra jáde. Sípíkà lọ sí SPK1 àti SPK2 tààrà, ẹ má so ọ̀kankan nínú wọn mọ́ nẹ́gétíìfù o, ó máa jó. Iná rẹ̀ láti 3.2 sí 5 fóltì, bátìrì lithium fóònù tó. Ṣájà olówó pọ́ọ́kú máa ń hùn lábẹ́ ìró náà.