Ọjọ́ kan péré la ní ní Róòmù, ọkọ mi àti ìyá ẹ̀ ò sì fẹnu kò

Ìyá Fèyí:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹ dákun, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, orí mi ti fẹ́ dàrú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta òní la máa wà ní Róòmù, ọjọ́ kan péré. Ọkọ mi ní òun ò ní débẹ̀ kóun má wọ Colosseum, pápá ìwòran ayé àtijọ́ yẹn. Ìyá ọkọ mi ní torí ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù Mímọ́ lòun ṣe kúrò n'Íbàdàn, òun sì gbọ́dọ̀ rí àwòrán àjà ilé àdúrà Sistine ní Vatican. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tí kò tiẹ̀ bá wa lọ, ó ń pàṣẹ lórí fóònù. Èmi ni màá pọnmọ, èmi ni màá gbé oúnjẹ, kò sẹ́ni tó bi mí pé kí ni mo fẹ́. Báwo la ṣe fẹ́ rí gbogbo ẹ̀ ṣe?

Bọ̀dá Akin:
Ọjọ́ wo nínú ọ̀sẹ̀? Ọmọ mélòó, wọ́n tó ọdún mélòó? Ẹsẹ̀ Mama ńkọ́? Ẹ ò sọ èyí tó yẹ ká mọ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì Colosseum ní aago lára, ó sì ní orúkọ. Bí orúkọ ò bá bá ti páásípọ́ọ̀tù mu, wọ́n lè dá yín padà lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 kì í sanwó, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ gba tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́ tiẹ̀ mọ́ tiyín lẹ́ẹ̀kan náà. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ti ń kó sí wàhálà: wọ́n á ra ti àgbà, wọ́n á ní ọ̀fẹ́ ni tọmọdé, kí wọ́n tó padà wá, aago yẹn á ti kún.

Àǹtí Rónkẹ́:
Ní Pétérù Mímọ́, èjìká àti orúnkún gbọ́dọ̀ bò, tọkùnrin tobìnrin. Ìró àti bùbá Mama ò ní wàhálà, ṣòkòtò péńpé Bàbá Fèyí ni kó fi sílé. Ẹ má gbé kẹ̀kẹ́ ọmọ tí táyà ẹ̀ kéré. Òkúta dúdú tí wọ́n tò sójú títì níbẹ̀, sampietrini, àlàfo wà láàárín wọn. Táyà kékeré á há síbẹ̀, kẹ̀kẹ́ á dojú dé. Ẹ mú ìgò òfìfo dání, ẹ̀rọ omi onírin tí wọ́n ń pè ní nasoni wà káàkiri, omi mímu ni, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ fi ìka dí ẹnu ẹ̀, omi á tú sókè láti ihò kékeré tó wà lẹ́yìn páìpù, ọmọdé á lè gbẹ́nu lé e.

Ìyá Fèyí:
Sunday ni. Ọmọ méjì, ọdún 4 àti 9. Orúnkún ń dun Mama, àmọ́ wọ́n ń rìn. Kẹ̀kẹ́ tá a ní nìyẹn, mi ò ní ra òmíràn.

Ọmọ Òṣogbo:
Sunday kẹ̀? Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Vatican kì í ṣí lọ́jọ́ Sunday, inú ẹ̀ sì ni Sistine wà.

Bọ̀dá Akin:
Ó ń ṣí ní Sunday tó kẹ́yìn oṣù, aago 9 sí 2, ọ̀fẹ́. 12:30 ni wọ́n ń gba ẹni ìkẹyìn wọlé.

Ọmọ Òṣogbo:
Torí ọ̀fẹ́ yẹn ni ìlà fi ń gùn. Ẹ fẹ́ kí màmá tí orúnkún ń dùn lọ tò síbẹ̀?

Bọ̀dá Akin:
Mi ò ní kí wọ́n lọ. Mo ní ó ń ṣí.

Ìyá Fèyí:
Ẹ má bára yín jà o. Sunday kejì oṣù ni tiwa. Tá a bá jẹun ọ̀sán tán, ṣé a lè dé Trevi, níbi orísun omi ńlá yẹn, ká tó padà sínú ọkọ̀ ojú omi? Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ló máa ṣí.

Àǹtí Rónkẹ́:
Ọkọ̀ ojú omi! Ìyá Fèyí, ó yẹ kẹ́ ẹ ti fi èyí ṣáájú. Civitavecchia ni ọkọ̀ yín máa gúnlẹ̀ sí, ó tó nǹkan bí 80 kìlómítà sí Róòmù. Wọ́n á ti fẹ́ kí gbogbo èrò wọlé kó tó di aago mẹ́fà. Ẹ ò ní odindi ọjọ́ o, wákàtí márùn-ún lẹ ní nílùú.

Bọ̀dá Akin:
Ẹ gbàgbé Trevi. Bọ́ọ̀sì èbúté á gbé yín dé Largo della Pace, ẹ wọ bọ́ọ̀sì ìlú dé ibùdókọ̀ rélùwéè. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì BIRG, òun kan náà lẹ máa fi wọ rélùwéè, bọ́ọ̀sì àti métírò lọ́jọ́ yẹn. Ẹ má dé Termini, ibùdókọ̀ rélùwéè ńlá Róòmù, láàárọ̀, ibùdókọ̀ San Pietro ni kẹ́ ẹ ti bọ́ sílẹ̀, ìrìn bí ìṣẹ́jú 15 ni sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ jáde níbẹ̀ kó tó di 11:15, torí Póòpù máa ń gba àdúrà Angelus lójú fèrèsé ní 12, èrò á dí gbogbo ọ̀nà. Bọ́ọ̀sì 64 á gbé yín dé Piazza Venezia. Ẹ ṣọ́ báàgì, gbéwiri pọ̀ nínú ẹ̀. Láti ibẹ̀, títì Fori Imperiali ló lọ tààrà sí Colosseum, ọkọ̀ kì í gba ibẹ̀ ní Sunday, Mama á lè rìn ín díẹ̀díẹ̀. Ẹ yà á ní fọ́tò níta. Métírò B, ibùdó méjì, ẹ ti dé Termini. Ẹ wọ rélùwéè 2:30, kó má kọjá bẹ́ẹ̀. Ti Civitavecchia máa ń gbéra láti ìparí ibùdókọ̀, láti plátífọ́ọ̀mù 25 lọ sókè. Pẹ̀lú ẹsẹ̀ Mama, ẹ fi ìṣẹ́jú 15 sílẹ̀ fún ìrìn yẹn nìkan.

Ìyá Fèyí:
Ọkọ mi ti ra tíkẹ́ẹ̀tì Colosseum. Aago 3:30.

Ọmọ Òṣogbo:
Inú rélùwéè ló yẹ kẹ́ ẹ wà ní 3:30! Ẹ jẹ́ kówó yẹn lọ. Ọkọ̀ ojú omi kì í dúró de ẹni tó dá lọ fúnra ẹ̀, àfi ẹni tó bá bá ìrìn-àjò tí ọkọ̀ fúnra wọn ṣètò lọ.

Ìyá Fèyí:
Ẹ̀yin lẹ máa bá mi sọ ọ́ fún un. Tó bá ti ẹnu mi jáde, á ní ti ìyá òun ni mò ń ṣe.

Àǹtí Rónkẹ́:
Ẹ gbé fóònù fún un kó ka aago tí Bọ̀dá Akin kọ sókè yìí. Nọ́ńbà aṣojú ọkọ̀ ní èbúté, ẹni tẹ́ ẹ máa pè bí ẹ bá pẹ́, máa ń wà lórí ìwé ètò ọjọ́ tí wọ́n ń fi sínú yàrá yín. Ẹ ya fọ́tò ẹ̀ kẹ́ ẹ tó sọ̀ kalẹ̀, kí páásípọ́ọ̀tù gbogbo yín sì wà lára yín.