Gọ́ọ̀fù àdágbá ní ìdájí: báwo ni ká ṣe ṣe ti ìrì?

Adéọ̀nà: Ẹ kú ojúmọ́ o. Mo fẹ́ràn kí n máa dá gbá ihò 9 ní kùtùkùtù, kí ariwo ayé tó bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ ìrì ń dà mí láàmú: bọ́ọ̀lù kì í dé ihò lórí green (koríko kúkúrú tó yí ihò ká), igi tí mo fi ń gbá a sì máa ń yọ̀ lọ́wọ́. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Pápá: Àbúrò, koríko tútù ló ń fa bọ́ọ̀lù sẹ́yìn bó ti ń yí lọ. Fi ojú inú gbé ihò sí nǹkan bí ìṣísẹ̀ kan kọjá ibi tó wà gan-an, kí o gbá a débẹ̀. Má sì fún un láyè púpọ̀ láti yà, nítorí o ti gbá a le ju ti ọ̀sán lọ. Má nu ìrì kúrò lójú ọ̀nà bọ́ọ̀lù o, òfin kò gbà á. Orí tee, ibi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀ ihò kọ̀ọ̀kan, nìkan lo ti lè nù ún.

Èyí tó dùn jù níbẹ̀ ni pé bọ́ọ̀lù máa ń fi ipa sílẹ̀ nínú ìrì. Kí o tó mú un jáde nínú ihò, wo ipa yẹn dáadáa: wàá rí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í yà gan-an. Oòrùn kì í pẹ́ gbé e lọ.

Ìyá Ìbejì: Aṣọ ìnura 2 ni o nílò. Ọ̀kan fún ọwọ́, má jẹ́ kó kan omi rárá. Èkejì fún ojú igi. Máa nu ojú iron (igi olójú irin) kí o tó gbá, torí bí omi bá kún ìlà ojú rẹ̀, bọ́ọ̀lù kò ní pòyì tó, kò sì ní tètè dúró. Mú ìbọ̀wọ́ kejì dání. Igi 14 lòfin gbà, ṣùgbọ́n 6 tó fún ẹni tó ń dá gbé báàgì: hybrid fún ọ̀nà jíjìn, iron 6, iron 8, wedge méjì fún ọ̀nà kúkúrú, àti putter tí a fi ń yí bọ́ọ̀lù sí ihò.

Adéọ̀nà: Ẹ ṣé gan-an, mà. Ṣé máàkì tí mo bá kọ wọ handicap, nọ́ńbà tó ń fi bí ẹnì kan ṣe mọ̀ ọ́n gbá tó hàn?

Ẹ̀gbọ́n Pápá: Rárá, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé ẹnì kan wà pẹ̀lú rẹ bí o ti ń gbá. Fi káàdì máàkì sílẹ̀. Bí kò bá sẹ́ni lẹ́yìn rẹ, ju bọ́ọ̀lù kejì sílẹ̀ kí o tún un gbá. Ìgbádùn àdágbá nìyẹn. Bí o bá bá àwọn tó ń gé koríko lórí green, dúró kí wọ́n juwọ́ sí ọ kí o tó gbá.