Àwọn Hmong ìlú Saint Paul

ÌyáBísí: Ẹ kú ilé o. Ọjà Hmongtown ni mo ti ń ra ata àti ewébẹ̀. Ìyá àgbà Hmong tó ń tà á fún mi kì í sọ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló ń gbẹnu sọ fún un. Kí ló gbé àwọn Hmong dé inú òtútù Minnesota yìí?

Àlàmú: Ogun ni, mà. Ẹ̀yà kan láti Laos, ní Éṣíà, ni wọ́n. Ọ̀pọ̀ wọn gbè sẹ́yìn Amẹ́ríkà jagun níbẹ̀. Nígbà tí ìjọba bọ́ sọ́wọ́ àwọn Kọ́múníìsì ní 1975, wọ́n sọdá odò Mekong sí àgọ́ àwọn tí ogun lé kúrò nílé ní Thailand, kí wọ́n tó dé ibí.

Dúpẹ́: Inú àgọ́ yẹn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi abẹ́rẹ́ ya ìtàn ogun sára aṣọ: sójà, bàálù, odò. Mo ra ọ̀kan. Ó wọ́n o!

Àlàmú: Ẹ tún gbọ́ qeej, fèrè oparun wọn. Níbi òkú, ó ń fọhùn bíi dùndún, ó ń júwe ọ̀nà fún olóògbé. Àwọn ọ̀dọ́ ṣì ń kọ́ ọ.