Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn wo ni kí n kọ sínú AMCAS?

Omidan Maryland:
Ẹ̀yin òbí mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ojúmọ́ o. Ìparí oṣù karùn-ún tó ń bọ̀ ni mo fẹ́ fi fọ́ọ̀mù AMCAS mi sílẹ̀ (fọ́ọ̀mù kan ṣoṣo tí a fi ń béèrè àyè ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn Amẹ́ríkà), ṣùgbọ́n àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí mo kọ sílẹ̀ kò dá mi lójú. Maryland ni mò ń gbé, ọmọ Amẹ́ríkà sì ni mí. GPA mi (àárín gbogbo èsì mi ní yunifásítì) jẹ́ 3.62, ti sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò nìkan jẹ́ 3.48. MCAT mi, ìyẹn ìdánwò àbáwọlé ìṣègùn, jẹ́ 509. Mo ní nǹkan bí wákàtí 600 nínú iṣẹ́ scribe (akọ̀wé dókítà) ní ẹ̀ka pàjáwìrì, àti bí 200 ní ilé ìtọ́jú ọ̀fẹ́ fún àwọn tí kò ní ìnṣúránsì. Iṣẹ́ ìwádìí mi kò pọ̀.

Àwọn tí mo kọ nìyí: Johns Hopkins, Harvard, NYU, Albert Einstein, University of Maryland, Georgetown, George Washington, Howard, UNC, East Carolina, àti méjì ní Texas. Mo fi NYU àti Einstein síbẹ̀ nítorí pé wọn kì í gba owó ilé-ìwé. Gbogbo owó tí mo ní fún fọ́ọ̀mù kò ju $3,500 lọ. Ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyí? Mélòó ló yẹ kí n kọ?

Atọ́nà Baltimore:
Àbúrò mi, ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Kí o tó wo orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ kankan, wo ìpínlẹ̀ tó ń sanwó rẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba máa ń kọ́kọ́ gba ọmọ ìpínlẹ̀ rẹ̀, àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ wo ará ìta rárá. East Carolina tí o kọ, ọmọ North Carolina nìkan ni wọ́n ń gbà. Owó tí o bá san síbẹ̀ ti wọlẹ̀ nìyẹn. UNC máa ń mú ará ìta díẹ̀, àmọ́ àwọn tó ń mú nínú wọn, èsì wọn ga ju tìrẹ lọ dáadáa. Ní ti Texas, òfin ìpínlẹ̀ náà ò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ìjọba gba ará ìta ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ, fọ́ọ̀mù tiwọn sì yàtọ̀: TMDSAS ni, kì í ṣe AMCAS. Yọ East Carolina àti méjì Texas kúrò, kí o yọ UNC tẹ̀ lé e.

University of Maryland ni kó wà lókè pátápátá. Òun ni ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ìjọba ìpínlẹ̀ rẹ, ibẹ̀ sì ni jíjẹ́ ọmọ Maryland ti máa ṣe ọ́ láǹfààní jù lọ. Àròkọ tiwọn ni kí o kọ́kọ́ kọ nígbà tí secondary bá dé, ìyẹn fọ́ọ̀mù kejì tí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ń fi ránṣẹ́ lẹ́yìn AMCAS.

Àyìnlá, rẹ́sídẹ́ǹtì:
Ẹ̀gbọ́n ti sọ ti ìpínlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n mú ti nọ́ḿbà.

Ra MSAR, àkójọ ìsọfúnni nípa àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn, lọ́dọ̀ AAMC, ẹgbẹ́ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ náà. Owó ọdún kan rẹ̀ kò tó ti secondary ẹyọ kan. Àwọn ènìyàn máa ń wo MCAT àárín níbẹ̀ kí wọ́n tó pa á dé, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń ṣìnà. Ohun mẹ́ta ni kí o wò fún ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan. Èkíní, èsì àárín. Èkejì, èsì ìpele kẹwàá, ìyẹn ibi tó jẹ́ pé ẹnì kan péré nínú mẹ́wàá tí wọ́n gbà ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Bí 509 rẹ bá wà nísàlẹ̀ ìpele kẹwàá, má fi ibẹ̀ ṣe ìrètí. Ẹ̀kẹta ni iye ará ìta tó kọ fọ́ọ̀mù, iye tí wọ́n pè fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, àti iye tó wọlé. Ilé-ẹ̀kọ́ kan lè ní èsì àárín tó bá tìrẹ mu rẹ́gí, kó sì jẹ́ pé ará ìta mẹ́fà péré ni wọ́n gbà lọ́dún náà.

Ní gbogbo Amẹ́ríkà, àwọn tó ń wọ ilé-ẹ̀kọ́ MD (oyè dókítà tó wọ́pọ̀ jù) lápapọ̀ máa ń ní MCAT tó jẹ́ nǹkan bí 512, GPA wọn sì jẹ́ nǹkan bí 3.8. Tìrẹ rẹlẹ̀ díẹ̀. Kò burú, ṣùgbọ́n kò gbé ọ dé Harvard, NYU tàbí Einstein. Ọ̀fẹ́ tí NYU àti Einstein ń ṣe gan-an ló ń fa àwọn tó ní èsì gíga jù lọ wá. NYU ti ń ṣe é láti 2018, Einstein láti 2024, Hopkins náà láti 2024 fún ìdílé tí owó tó ń wọlé fún wọn kò tó $300,000. Jẹ́ kí Hopkins wà lára wọn bí ọkàn rẹ bá wà níbẹ̀, kí o yọ mẹ́ta yòókù.

Georgetown àti GW ńkọ́? Fọ́ọ̀mù tó ju 10,000 lọ ń wọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lọ́dọọdún, fún nǹkan bí 200 àyè. Mú ọ̀kan, kì í ṣe méjèèjì.

Màmá Dókítà:
Ọmọ mi, Olúwa á ṣe é. Ohun tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ kò tíì mẹ́nu bà ni iṣẹ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan gbà pé torí rẹ̀ lòun ṣe wà. Wákàtí 200 nílé ìtọ́jú ọ̀fẹ́ kì í ṣe ohun kékeré, àmọ́ ibi tí wọ́n ti ń wá irú rẹ̀ ni kí o gbé e lọ. Howard àti Meharry ní Nashville ń wá àwọn tó máa tọ́jú àwọn tí ìtọ́jú kì í dé ọ̀dọ̀ wọn. Morehouse náà ń wá wọn, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn àwọn ọmọ Georgia. Rush ní Chicago ń ka iṣẹ́ ìrànwọ́ sí gidigidi. Quinnipiac ń wá dókítà ìdílé. Ilé-ẹ̀kọ́ tó jẹ́ pé ìwádìí lohun tí wọ́n ń gbé lárugẹ yóò wo fọ́ọ̀mù rẹ, wọn á béèrè ibi tí ìwádìí wà.

Fún àwọn tó kù, wo Virginia Commonwealth, tó jẹ́ ti ìjọba ṣùgbọ́n tó ń gba ará ìta púpọ̀. Wo Drexel, Temple, Penn State, New York Medical College, Rosalind Franklin, Loyola ní Chicago àti Albany. Fi MSAR yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò kí o tó mú un. Má gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ láìwò ó.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ jẹ́ ká ṣírò owó. AMCAS ń gba $175 fún ilé-ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́, ó sì lé díẹ̀ ní $40 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan tó bá tẹ̀ lé e. Ní ti iye tí o béèrè, MD 16 àti DO mẹ́rin ni mo fi ṣírò; DO ni oyè dókítà kejì ní Amẹ́ríkà. Ilé-ẹ̀kọ́ MD 16 yóò gbà tó $880. Secondary wọn, bí a bá ka ọ̀kọ̀ọ̀kan sí $100, jẹ́ $1,600. Ilé-ẹ̀kọ́ DO mẹ́rin lórí AACOMAS, fọ́ọ̀mù tiwọn, pẹ̀lú secondary wọn lè tó $700. Àpapọ̀ rẹ̀ súnmọ́ $3,200. Ìyókù ni wàá fi san Casper (ìdánwò ìwà àti ìdájọ́ lórí ayélujára), nítorí pé àwọn kan kì í ka fọ́ọ̀mù láìsí i, àti owó transcript (àkọsílẹ̀ èsì ẹ̀kọ́ rẹ). Ọ̀pọ̀ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ti di ti orí fídíò, owó ọkọ̀ òfuurufú kò fi bẹ́ẹ̀ dá ni láàmú mọ́.

Bí owó tó ń wọlé fún ìdílé yín kò bá pọ̀, béèrè fún Fee Assistance Program lọ́dọ̀ AAMC lónìí. Ó ń san AMCAS fún ilé-ẹ̀kọ́ 20, MSAR á sì di ọ̀fẹ́. Ṣùgbọ́n kí wọ́n ti fọwọ́ sí i kí o tó fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀, nítorí wọn kì í dá owó tí o ti san padà.

Èyí sì ṣe pàtàkì: láti ọjọ́ kìíní oṣù keje 2026, ẹ̀yáwó Grad PLUS, tí ìjọba àpapọ̀ ń fún àwọn tó ń kẹ́kọ̀ọ́ lẹ́yìn oyè àkọ́kọ́, ti dópin fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yáwó. Ìjọba àpapọ̀ kò ní yá akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ju $50,000 lọ lọ́dún, àròpọ̀ rẹ̀ kò sì ní kọjá $200,000. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni ń gbà ju $90,000 lọ lọ́dún, tí a bá ka ilé àti oúnjẹ mọ́ ọn. Bi ara rẹ léèrè ibi tí ìyókù á ti wá kí o tó kọ orúkọ wọn.

Omidan Maryland:
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín gan-an ni. Ìbéèrè méjì ló kù. Ṣé DO kò ní dí mi lọ́wọ́ bí mo bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ? Ṣé ó sì dára kí n tún MCAT ṣe?

Àyìnlá, rẹ́sídẹ́ǹtì:
Láti 2020, ìgbìmọ̀ kan náà ló ń fọwọ́ sí ìdálẹ́kọ̀ọ́ rẹ́sídẹ́ǹsì (iṣẹ́ kíkọ́ ní ilé ìwòsàn lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn) ti MD àti DO. DO ń ṣe iṣẹ́ abẹ. Àmọ́ n kò ní purọ́ fún ọ: nínú iṣẹ́ abẹ ọpọlọ àti irú rẹ̀, ọ̀nà DO ṣì há. Bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ abẹ gbogboogbò, wo àkọsílẹ̀ ibi tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ náà ń lọ lẹ́yìn tí wọ́n bá jáde. Ní ti ilé-ẹ̀kọ́ DO, Philadelphia ní PCOM, Virginia ní VCOM, West Virginia ní WVSOM. Meritus ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Hagerstown, ní Maryland níbẹ̀ yẹn. Kò tíì ní ẹni tó jáde, nítorí náà kò sí àkọsílẹ̀ ìdánwò tàbí rẹ́sídẹ́ǹsì tí o lè yẹ̀ wò.

Atọ́nà Baltimore:
Lórí MCAT: tún un ṣe kìkì bí ìdánwò àdánwò AAMC rẹ bá ń fún ọ ní 513 sókè léraléra. Bí ó bá wọlé ní 509 tàbí kó rẹlẹ̀ sí i, gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ló máa rí i. Má sì jẹ́ kó fà ọ́ sẹ́yìn. Àyẹ̀wò fọ́ọ̀mù lọ́dọ̀ AMCAS lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan bí èrò bá ti pọ̀ ní oṣù kẹfà àti ìkeje. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ sì ń gba ènìyàn bí fọ́ọ̀mù ṣe ń dé.

Ohun tí wàá ṣe nìyí: ní ọjọ́ tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn, fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀ pẹ̀lú University of Maryland nìkan. Àyẹ̀wò á ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà kí o máa fi àwọn yòókù kún un bí MSAR bá ṣe fi yé ọ. Ṣùgbọ́n rántí pé a lè fi ilé-ẹ̀kọ́ kún AMCAS lẹ́yìn tí a bá ti fi í sílẹ̀. A kò lè yọ ọ́.

Màmá Dókítà:
Kí o tó dé ibẹ̀, lọ bá dókítà DO kan báyìí pé kó jẹ́ kí o máa wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́, kó lè kọ lẹ́tà fún ọ. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ DO kan kì í ka fọ́ọ̀mù tí kò ní lẹ́tà dókítà DO, àwọn dókítà kì í sì tètè kọ lẹ́tà. Oṣù méjì ṣáájú ni kí o ti bẹ̀ wọ́n.