Ta ló rán àwọn tó pa Bọ́lá Ìgè?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí dá ariwo sílẹ̀ láàárọ̀ lọ́dọ̀ oníwèé ìròyìn ní Aràkàlẹ̀. Ìgè, mínísítà ètò ìdájọ́ Nàìjíríà, ni wọ́n yìnbọn pa nílé rẹ̀ ní Bódìjà, n'Ìbàdàn, ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá 2001. Iṣẹ́ ta ni?

Ọmọ Ọjà Ọba: Ẹ bi àwọn jàǹdùkú tó ṣí fìlà lórí Ìgè láàfin Ifẹ̀ ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú ikú rẹ̀.

Ìyá Ìbejì: Rárá o, ẹ̀gbọ́n. Ìyẹn ìjà ojúta. Ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ ọ ni wọ́n ní ó lọ jẹun! Irú ebi wo nìyẹn?

Ọmọ Ọjà Ọba: Hmm. Ilé ẹjọ́ ò kúkú dá ẹnì kan lẹ́bi. Ìwé ìròyìn ọjọ́ náà ṣì wà lábẹ́ ibùsùn bàbá mi, ó ti pọ́n bí epo.